Ṣé Ọpọlọ Ló Rẹ̀ Ni, àbí Iná Ni Ò Sí?

Ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira gan-an, oníṣègùn ọpọlọ kan ọmọ ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Mental Science, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kọ lé lórí ni àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, èyí tó pè ní brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Síbẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n pe àpérò lórí ìlera akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ wa kí èrò inú àpilẹ̀kọ yẹn má yọjú níbẹ̀, yálà wọ́n dárúkọ rẹ̀ o, yálà wọn ò dárúkọ rẹ̀. Mo tún un kà láìpẹ́ yìí, mo sì fẹ́ bá a jà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ kí ẹ tó bá mi rìn jìnnà. Ọkùnrin yìí gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ sọ dáadáa. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ kí ló fà á ni ọ̀nà ti yà: inú ìwà ọmọ ló ti lọ wá a, kò wá a dé inú yàrá tí ọmọ ń sùn, inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ àti ìdí àtùpà tó fi ń kàwé. Àwa ọmọ onílẹ̀ tí a gbàwé ẹ̀rí jọ, a tún ń ṣe ohun kan náà títí dòní, ní Ọyẹ́, ní Ìkọ̀lé àti níbi gbogbo tí yunifásítì bá wà.

Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta ni Prince ti ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, ẹjọ́ wọn sì jọra. Wọ́n ní tí àwọn bá ṣí ìwé, ojú àwọn á máa ṣe bàìbàì, omi á sì máa bọ́ níbẹ̀. Wọ́n á ka ojú ewé kan tán, wọn ò ní rántí ohun tí wọ́n kà. Orí ń gbóná, ọrùn ń ro wọ́n, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan kan ń rìn lábẹ́ awọ orí. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé ọpọlọ àwọn ló ti rẹ̀, torí pé ìwé tí àwọn ń kà pọ̀ jù.

Ẹni tó bá dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa lókè Èkìtì kò nílò kí òyìnbó kan ṣàlàyé èyí fún un. Ṣebí àwọn ìyá wa náà máa ń sọ ọ́ pé ìwé ti dà á lórí rú. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní orúkọ fún nǹkan tó ń rìn nínú orí yẹn: ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọdẹ orí ní 1987. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń mú, ó ń mú àgbẹ̀, ó ń mú oníṣòwò. Ọ̀nà tí ara Yorùbá fi ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù fún òun ni, ẹrù yòówù kó jẹ́.

Ohun tó tọ́ sí Prince, ẹ jẹ́ ká fún un. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi pàṣán na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, ọkùnrin yìí jókòó, ó gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àìsàn tó yẹ kí dókítà wò. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìtumọ̀ tó fún un ni ìjà wà. Ó ní ọ̀nà ìkàwé àwọn òyìnbó ń fẹ́ kéèyàn dá jókòó, kó dá gbé ẹrù ara rẹ̀, kó sì máa ṣe nǹkan létòlétò, àti pé ìwà wọ̀nyí ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà, torí inú àwùjọ àjọgbé àti àjọṣe ló ti wá. Lọ́rọ̀ kan, ìwé àti ìwà ọmọ náà kò bára mu, ìyẹn ló ń mú orí rẹ̀ gbóná.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti rí nǹkan mìíràn kó tó débẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ kan náà ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹbí ni ìwé ọmọ kan jẹ́. Wọ́n á yan èyí tí orí rẹ̀ pé jù nínú àwọn ọmọ, wọ́n á jọ dáwó lé e, òun náà ni wọ́n sì ń retí pé kó gbé àwọn yòókù dìde lọ́jọ́ iwájú. Háà! Ẹni tó rí èyí, kí ló tún ń wá kiri? Ní Èkìtì tiwa, àwọn kan fi oko kòkó dógò kí ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ìyá kó owó èsúsú, wọ́n tà aṣọ inú àpótí. Ọmọ tó mọ̀ pé tí òun bá fìdí rẹmi, oko yẹn ò ní padà sílé, ṣé ìwé nìkan ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tó ṣí ìwé? Orí ta ni ò ní gbóná? Prince dé ẹnu ọ̀nà yìí, ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò wọlé. Ó yà sí ọ̀dọ̀ ìwà.

Ṣé òótọ́ tilẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọpọlọ ṣàjèjì sí wa? Ẹ wo ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá. Odù 256 ló wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ abẹ́ wọn kò sì lóǹkà. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, láìsí ìwé, láìsí pẹ́ńsùlù. Pé a tilẹ̀ ní oògùn ìsọ̀yè fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ tipẹ́ pé iyè a máa rẹ̀, pé èèyàn a máa gbàgbé ohun tó kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ awo kì í dá nìkan kọ́ ọ. Ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé, oúnjẹ ilé yẹn ló ń jẹ, ó ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ oko, tó bá sì ṣì í pè, àwọn tó yí i ká á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. (Mi ò sọ pé ìgbà yẹn dùn bí oyin o. Ọ̀gá mìíràn, ìkà ni.) Prince rí àjọgbé, ó ní òun ni kò jẹ́ kí ọmọ lè kàwé. Lójú tèmi, ìgbà tí wọ́n mú ọmọ kúrò nínú àjọgbé, tí wọn ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu wà ní Arò fúnra rẹ̀. Láti 1954 ni Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá á á máa gbé ní abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá ṣe tán, á padà sáàárín àwọn èèyàn. Aládùúgbò àti ìkòkò ọbẹ̀ wà lára oògùn. Ẹ wò ó nígbà náà: nínú ọgbà kan ṣoṣo, dókítà kan ń fi àjọgbé wo àìsàn, dókítà kejì ń kọ̀wé pé àjọgbé wà lára ohun tó fa àìsàn. Ó dà bíi pé ojú Prince padà là sí i. Ó bá Francis Speed ṣe fíìmù Wèrè Ni ní 1963 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, ó sì kọ̀wé tó dára nípa wọn ní 1964. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ 1960 ni ayé mú, tí wọn ò sì fi sílẹ̀.

Ìrìn àjò tí ọ̀rọ̀ náà rìn lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló kọ́kọ́ ń lo brain fag, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, fún àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti àlùfáà tí iṣẹ́ ti pá lórí. Wọ́n tilẹ̀ ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá ìwà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá ìwé mu. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ní Ifẹ̀ wò ó láti ìhà mìíràn: ọmọ tó ń lé àṣeyọrí lójú méjèèjì, tó ń fi oògùn lé oorun lọ, tí kò sùn. Ìyẹn sún mọ́ ọ̀rọ̀. Ní 1994, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi brain fag sínú ìwé ńlá wọn, DSM-IV, láàárín àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí òmíràn. Nígbà tí DSM-5 fi máa jáde ní 2013, kò ní àkọlé tirẹ̀ mọ́. Abẹ́ kufungisisa, ọ̀rọ̀ àwọn Shona ní Sìmbábúè tó túmọ̀ sí ríronú jù, ni wọ́n ti kàn dárúkọ rẹ̀. Ó di ayálégbé.

Ẹ ó ní kí ló kan Ọyẹ́ nínú gbogbo èyí. Ó kàn án gan-an. Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọyẹ́ ni olú rẹ̀ wà, ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà, iṣu àti kòkó, wọ́n di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ibùsùn inú ọgbà kò lè gba gbogbo wọn, torí náà ọ̀pọ̀ ń háyà yàrá láàárín ìlú. Omi tí ìlú ń mu tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá mu, iná tí ìlú ń pín ni wọ́n bá pín.

Ẹ wá wo ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní ilé-ìwé gíga wa gbogbo nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìlera bá dé. Mu omi dáadáa. Sùn fún wákàtí mẹ́jọ. Máa ṣeré ìdárayá. Tí ọkàn rẹ bá wúwo, bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mi ò ní irọ́ ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ mú un lọ sínú yàrá kan tí ọmọbìnrin méjì jọ háyà lẹ́bàá títì Ìkọ̀lé, ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí ẹ kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi wo? Èyí tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì gbé láti ibi ẹ̀rọ omi onílé kejì. Eré ìdárayá? Wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn bọ̀, torí owó ọ̀kadà ti di owó gààrí.

Ibi wákàtí mẹ́jọ yẹn ló yẹ ká dúró sí. Àwọn ọmọ wa ní orúkọ fún àìsùn: TDB ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí kò bá tí ì ṣe é rí á rò pé ìtara lásán ni. Ìṣirò ni. Ọmọ tí kò bá níná nílé, tí fóònù rẹ̀ ti kú, ibi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò lọ kàwé, ìgbà tí wọ́n bá sì tan jẹnẹrétọ̀ ni yóò kà á. Tí òru bá jìn, kò lè dá padà sílé lójú ọ̀nà tó ṣókùnkùn, àfi kó dúró di àfẹ̀mọ́júmọ́. Kó má bàa sùn, á jẹ obì, á mu kọfí, tàbí kó ra ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kẹ́míìsì. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ó wà ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ń ṣe bàìbàì, orí ń gbóná, ó ka ojú ewé kan tán, kò rántí ohun tó kà. Ṣé ẹ rántí ẹni tó kọ́kọ́ ka àmì wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ? Tí ọmọ yìí bá wá lọ síbi ìgbaninímọ̀ràn, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò àkókò. Létòlétò! Ọ̀rọ̀ 1960 tún dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́ tú sójú títì. Iná mànàmáná ni wọ́n ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ di rògbòdìyàn, àwọn ọlọ́pàá wọ̀ ọ́, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kú. Wọ́n ti ilé-ìwé pa. Nínú ohun tí mo ti kà lórí ìlera akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà, abẹ́ ààbò àti ìbáwí ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò tí ì rí i lábẹ́ ìlera. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ti sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, wọ́n sọ ọ́ ketekete, wọ́n sì sọ oògùn rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé ara ògiri ní kí wọ́n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1971, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjù nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn. Ẹjọ́ oúnjẹ ilé ìjẹun ni ìfẹ̀hónúhàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni ọ̀gá àgbà yunifásítì nígbà náà? Adéoyè Lámbò, ẹni Arò. Mi ò wí èyí láti dá a lẹ́bi, ọlọ́pàá ló yìnbọn, òun kọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ pé ẹjọ́ oúnjẹ lè di ẹjọ́ ìbọn lábẹ́ ẹni tó fi han gbogbo ayé pé oúnjẹ àti ẹni tó ń sè é wà lára ìwòsàn. Ohun tí dókítà mọ̀ ní abúlé, ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kò ní àyè tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ á ti máa sọ pé, "Prof, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀rọ̀ NEPA." Rárá o. Akẹ́kọ̀ọ́ wà tí iná wà nílé rẹ̀, tí oúnjẹ wà, tí òbí ń pè é lójoojúmọ́, tí ayé sì ti sú u. Àìsàn nìyẹn, dókítà ló sì nílò, kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ọyẹ́: ẹ gba Ìfàkì kọjá, ẹ ti dé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé ni ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀, kó kọ́kọ́ dé Ọyẹ́ ná. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àwọn wèrè ti 1958. Ìtẹ̀síwájú gidi ni mo kà á sí. Ṣùgbọ́n nínú òfin ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, abala 327 ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ jẹ̀bi, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pa irú òfin yẹn rẹ́ nílé tirẹ̀ ní 1961. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òun lè gbé òun dé àgọ́ ọlọ́pàá, ta ni ẹ fẹ́ kó bá sọ̀rọ̀?

Nípa ìyanṣẹ́lódì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, ọmọ jókòó sílé, onílé ń gba owó yàrá tí kò sùn sí. A padà wọlé, a sì kan ìdánwò lé wọn lórí. Kò sí oògùn ìsọ̀yè tó lè gba irú ẹ̀.

Ohun tí mo ń wá kò tilẹ̀ gba owó rẹpẹtẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé orí fífọ́ wá sí ilé-ìwòsàn ilé-ìwé, a mọ ohun tó sábà máa ń gbà: oògùn ibà àti parasitámọ́ọ̀lù, kó máa lọ. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, kó sì kọ èsì rẹ̀ sínú káàdì. Níbo lo ti kàwé lálẹ́ àná, iná wo lo sì fi kà á? Wákàtí mélòó lo sùn? Kí lo jẹ láti àná? Ta ló ń sanwó ilé-ìwé rẹ, kí ni wọ́n sì tà tàbí fi dógò kí wọ́n tó rí i? Prince ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkẹrin yẹn ní 1960. Tí oṣù bá parí, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n ka iye orí fífọ́ tó jẹ́ ti iná, iye tó jẹ́ ti ebi, iye tó jẹ́ ti owó, àti iye tó nílò kí wọ́n gbé e lọ sí Ìdó. Kí iye yẹn lọ síwájú sẹ́nétì, sórí tábìlì kan náà tí wọ́n ń kó èsì ìdánwò sí, kí ẹni tó ń bójú tó iná àti omi nínú ọgbà sì wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń kà á.